Mo Fi Ohùn Ọmọ Ọlọ́mọ Gbé Ọmọ Mi Sípò Kìn-ín-ní

Ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ mi lábẹ́ ìtàn yìí, mi ò ní kọ ọ́. Ojú tó tì mí níṣojú àwọn ará ilé-ìwé ti tó mi. Ohun tí mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé èmi kì í ṣe olè. Ogún ọdún ni mo fi ṣe akọ̀wé ní ilé-ìwé girama kan, mi ò sì mú bírò kan ṣoṣo lọ sílé rí. Ọjọ́ kan tí mo wá máa jalè, ohùn ni mo jí.

Àwọn tó ń ṣe òfin ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ fa wàhálà náà. Wọ́n jókòó síbì kan, wọ́n mu tíì, wọ́n wá pinnu pé láti ọdún yẹn lọ, gbogbo ọmọ ilé-ìwé girama gbọ́dọ̀ kọ́ èdè kan sí i, èdè àwọn tó ń gbé lódìkejì ibodè. Wọn ò ní kí ọmọ tó bá wù kọ́ ọ o. Dandan ni. Ọmọ tó bá fìdí rẹmi nínú ẹ̀ kò ní rí ìwé ẹ̀rí gbà, ì báà yege nínú gbogbo ìyókù. Ó wù mí kí ẹnì kan bi àwọn aṣòfin ọ̀hún bóyá àwọn fúnra wọn lè fi èdè náà tọrọ omi mu.

Èdè Dandan ni àwọn ọmọ ń pè é. Ọ̀gá àgbà wa kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ló fi ń kí àlejò káàbọ̀, òun náà ló fi ń bá àwọn ọmọ wí, òun náà ló sì fi bá tíṣà kan kẹ́dùn nígbà tí bàbá ẹ̀ kú.

Tíṣà tí wọ́n gbé wá láti kọ́ wọn jẹ́ ọkùnrin gbọọrọ kan tó ń gba imú sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Onímú. Ó ní bí wọ́n ṣe ń sọ èdè náà lọ́hùn-ún nìyẹn. Àmọ́ tó bá wá tọrọ bébà lọ́wọ́ mi ní èdè tiwa, imú náà ló ṣì ń gbà.

Àbíkẹ́yìn mi wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn nígbà yẹn. Ọmọ náà mọ̀wé, kò sí ìṣirò tó lè dẹ́rù bà á, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì sì ti ní àwọn máa gbà á tó bá ti mú ìwé ẹ̀rí wá. Láti kékeré ló ti ń fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀ àga ilé wa, tó ń bi àga pé ṣé ó ti fúyẹ́. Nọ́ọ̀sì ni, ìwé ẹ̀rí nìkan ló kù. Èdè Dandan nìkan ló sì lè dí i lọ́nà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé mi ò ràn án lọ́wọ́. Nígbàkigbà tó bá ń ka ìwé náà sókè nínú pálọ̀, ẹ̀rín ni mo máa ń rín.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín."

"Mi ò rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹnì kan fún ẹ lọ́rùn ni?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sínú nìyẹn. Èmi wá rò pé kò kà á mọ́ rárá.

Ẹnì kejì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni Ìyá Onígbálẹ̀. Òun ló ń gbá gbogbo ilé-ìwé náà, ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, òun sì ni ọ̀rẹ́ tí mo ní jù níbẹ̀. Lọ́sàn-án, búrẹ́dì kan náà la jọ máa ń pín jẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, kíláàsì kan náà ni òun àti ọmọ mi wà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, àyà gbogbo wa máa ń já.

Ọmọ yẹn máa ń tẹ̀lé ìyá ẹ̀ wá ní kùtùkùtù láti bá a gbálẹ̀ kí àwọn tó kù tó dé. Bó ṣe ń gbálẹ̀ ló ń sọ Èdè Dandan. Ó ń kí àga, ó ń bá tábìlì dúnàá-dúrà, ó ń bá ojú fèrèsé jà. Ìyá ẹ̀ á fara ti ìgbálẹ̀, á máa gbọ́ ọ.

"Akọ̀wé, wá gbọ́ ọmọ yìí," ló máa ń sọ fún mi. "Mi ò mọ ohun tó ń wí, àmọ́ ó ń wù mí kó má dákẹ́."

Onímú ti sọ fún wọn pé ẹni tó bá gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdánwò sísọ ní gbogbo agbègbè wa, ọ̀fẹ́ ló máa fi ka yunifásítì fún ọdún mẹ́rin. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ni ín. Èmi náà mọ̀. Mo ń sọ ọ́ níbí kí ẹnikẹ́ni má bàa gbèjà mi pé bóyá mi ò mọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò sísọ náà nìyí. Tíṣà kan á wá láti ilé-ìwé mìíràn, á jókòó sí láíbìrì, àwọn ọmọ á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Á bi ọmọ ní ìbéèrè fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀rọ á sì gba ohùn ọmọ náà sínú kásẹ́ẹ̀tì, torí ayé kásẹ́ẹ̀tì la ṣì wà. Ọmọ kan, kásẹ́ẹ̀tì kan. Ọmọ ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ara ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà ẹ̀, kí ẹni tó máa máàkì lọ́hùn-ún má bàa mọ ọmọ ẹni tó ń gbọ́. Bébà alẹ̀mọ́ kékeré kan ni akọ̀wé á kọ nọ́ńbà sí, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì kí ọmọ tó wọlé, ó parí.

Wọ́n ní àwọn ti dí gbogbo ọ̀nà màgòmágó pa. Òótọ́ ni, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, èmi ni mo sì jókòó sẹ́nu ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọmọ mi jáde ní láíbìrì, ó sì wá sí ọ́fíìsì mi tààrà. Ojú ẹ̀ ti pọ́n.

"Kí ló dé?"

"Mo ti bà á jẹ́, Mọ́mì. Mo gbàgbé ọ̀rọ̀. Mo kàn ń ṣe éèè, éèè."

"Gbogbo ẹ̀ lo gbàgbé?"

"Ó ti tán. Mi ò lè ṣe nọ́ọ̀sì mọ́."

Ó gbé orí lé tábìlì mi, ó sunkún títí ìwé tí mò ń kọ fi rin. Mo pa á lẹ́yìn, mo ní kó máa lọ sílé. Kò tíì dé géètì tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yọjú, tó ń jẹ bisikíìtì.

"Báwo ni tìẹ?"

"Ó dáa, mà. Ọkùnrin náà bi mí bóyá mo ti gbé lọ́hùn-ún rí."

Inú bí mi sí bisikíìtì yẹn. Ṣé ẹ rí i, ọmọ tí ò ṣe mí ní nǹkan kan.

Tíṣà àlejò kó kásẹ́ẹ̀tì mẹ́tàlélógójì fún mi, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n tò wọ́n sínú páálí, kí n fi èdìdì dí i. Aago mẹ́rin ni mọ́tò máa wá gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìdánwò. Aago mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ ni. Àwọn tíṣà ti lọ sílé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó wà lórí tábìlì mi. Nọ́ńbà ọmọ mi ni ẹ̀tàdínlógún. Ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ejìdínlógún. Àwọn méjèèjì sùn ti ara wọn nínú páálí náà, kò sí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ju bébà alẹ̀mọ́ lọ.

Mo jókòó. Mo dìde. Mo tún jókòó.

Mo ní lọ́kàn mi pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ èdè yẹn débi pé tó bá fìdí rẹmi, gbogbo ilé-ìwé á pariwo, wọ́n á ní àṣìṣe ni, wọ́n á tún un ṣe fún un. Tó bá jẹ́ ọmọ tèmi, ta ló máa pariwo? Mo tún ní ọmọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó báyẹn, yunifásítì lè tètè rẹ̀ ẹ́. Mo ní àwọn aṣòfin ló kọ́kọ́ rẹ́ wa jẹ. Gbogbo ohun tí Èṣù ì bá sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn ni mo ti bá a sọ, ó kàn ní láti jókòó kó máa gbádùn ni.

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀tàdínlógún sókè ife tíì mi tó ń rú èéfín, bébà ẹ̀yìn ẹ̀ sì tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ṣe ti ejìdínlógún bẹ́ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lẹ ti ọ̀kan mọ́ ìkejì nígbà tí ẹnì kan kanlẹ̀kùn, díẹ̀ ló kù kí tíì dà sí mi lára.

"Akọ̀wé, o tilẹ̀kùn? Mo fẹ́ gbá inú ibẹ̀."

Ìyá Onígbálẹ̀ ni.

"Mò ń ka kásẹ́ẹ̀tì, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò fẹ́ kí ó dàrú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ó dáa, rọra kà á. Mo ti tọ́jú búrẹ́dì tìẹ sílẹ̀ fún ẹ."

Mo gbọ́ bó ṣe ń wọ́ sálúbàtà lọ. Mo fi èdìdì dí páálí. Nígbà tí mọ́tò dé, èmi fúnra mi ni mo gbé e jáde, mo tiẹ̀ tún sọ fún dírẹ́bà pé kó má sáré o, ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá. Ọmọ mi ń rìn nínú ilé bí ẹni tí nǹkan ẹ̀ sọnù. Èmi ń kọrin.

"Wàá yege," mo ní.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ìyá ni mí. Ìyá ló ń mọ̀."

Mi ò tiẹ̀ rójú wo ara mi nínú dígí lọ́jọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà dé lọ́jọ́ Ajé kan. Èmi akọ̀wé ló ń kọ́kọ́ ṣí gbogbo lẹ́tà, mo sì dúpẹ́ pé kò sẹ́lòmíì níbẹ̀. Wọ́n ní èsì gbogbo ọmọ ṣì ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Àmọ́ wọ́n fẹ́ tètè fi tó wa létí pé nọ́ńbà ẹ̀tàdínlógún ní ilé-ìwé wa ló gba ipò kìn-ín-ní ní gbogbo agbègbè. Ọ̀gá ọ́fíìsì ìdánwò fúnra ẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti yẹ́ ọmọ náà sí. Ọmọ náà á sì sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè ọ̀hún níwájú gbogbo ilé-ìwé àti àwọn òbí.

Kó ṣáà yege ni mo fẹ́ o. Kí ló wá gbé mi dé ipò kìn-ín-ní? Bí mi ò ṣe jalè rí nìyẹn, mi ò mọ ìwọ̀n tó yẹ kí èèyàn jí.

Mo ti ń wá ibi tí mo máa fi lẹ́tà náà pamọ́ sí nígbà tí ọ̀gá àgbà já wọlé. Wọ́n ti pè é lórí fóònù láti ọ́fíìsì ìdánwò. Ó di ọwọ́ mi mú, ó mì í jìgìjìgì, ó sì fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó mọ̀ kí mi.

Onímú wọlé lẹ́yìn ẹ̀. Kò yọ̀, kò sì bínú, ó kàn dúró.

"Akọ̀wé, ṣé ó dá yín lójú pé nọ́ńbà ẹ̀tàdínlógún ni wọ́n kọ?"

"Ẹ kà á fúnra yín."

"Ọmọ yín gbìyànjú o. Àmọ́..."

"Àmọ́ kí ni? Ṣé òfin wà pé ọmọ akọ̀wé ò gbọ́dọ̀ gba ipò kìn-ín-ní ni?"

Ó tọrọ àforíjì, ó fẹ̀yìn rìn jáde. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo fi ìbínú bò ó, kò sì sí ọjọ́ tí mi ò rántí ojú ọkùnrin yẹn.

Ìyá Onígbálẹ̀ wá lọ́sàn-án. Ó gbá mi mọ́ra pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ọmọ ẹ lọmọ mi," ó ní. "Ọlọ́run á bá wa tọ́jú ẹ̀."

Ojú ẹ̀ rí bíi pé kò sùn.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ńkọ́?" Mi ò mọ ẹni tó rán ẹnu mi níṣẹ́.

"Ó ní òun ò mọ ibi tí òun ti ṣìnà. Kò sọ èdè yẹn mọ́. Láàárọ̀ yìí, gbogbo kíláàsì la gbá tán, kò bá àga kankan sọ̀rọ̀."

Ó dùn mí. Mo ti búrẹ́dì tó gbé síwájú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí mo bá lanu sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ìtàn yìí ì bá ti parí síbẹ̀. Mo ní orí ń fọ́ mi.

Nílé, ọmọ mi ò jẹ́ kí n sinmi.

"Mọ́mì, àṣìṣe ni."

"Kì í ṣe àṣìṣe."

"Mo ní éèè, éèè ni mò ń ṣe."

"Bóyá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́hùn-ún nìyẹn."

Ó wò mí, ó mirí. Ní ọjọ́ kejì, tó wá mọ̀ pé òun ò lè yẹ ọ̀rọ̀ sísọ náà sílẹ̀, ẹ gbọ́ ẹni tó lọ bẹ̀ pé kó kọ́ òun. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì gbà. Ó wá sí pálọ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó jókòó lórí àga mi, ó ń kọ́ ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó máa fi gba ẹ̀bùn tí wọ́n jí lọ́wọ́ òun. Mo gbé bisikíìtì fún wọn, mo sì sá wọ kíṣìnì.

Mo ń tẹ́tí láti ibẹ̀. Mi ò gbọ́ èdè náà, àmọ́ mo gbọ́ pé ohùn méjèèjì ò jọra rárá. Ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń sáré bí omi ẹ̀rọ. Ti ọmọ mi ń dúró, ó ń ronú, ó tún ń lọ. Tí ọ̀gá ọ́fíìsì ìdánwò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yẹn, kíá lá mọ̀ pé ọmọ yìí kọ́ ló gba ipò kìn-ín-ní.

Mo ronú títí, mo wá dá ọgbọ́n kan tí mo rò pé ó ga jù lọ láyé mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo mú síkáàfù onírun, mo wé e mọ́ ọmọ mi lọ́rùn lẹ́ẹ̀mẹta.

"Mọ́mì, kí lèyí?"

"Ọ̀fun ń dùn ẹ́. O ò lè sọ̀rọ̀ lónìí."

"Ọ̀fun mi ò dùn mí."

"Ó ń dùn ẹ́. O kàn ò tíì mọ̀ ni."

Ojú tó fi wò mí pẹ́ lára mi. Àmọ́ ẹ̀rù ọ̀rọ̀ sísọ náà ń ba òun náà, kò tú u.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọ jókòó nílẹ̀, àwọn òbí wà lórí àga, Ìyá Onígbálẹ̀ sì wà lẹ́yìn, ó ń to àga fún àwọn tó pẹ́ dé. Ọ̀gá ọ́fíìsì ìdánwò jẹ́ obìnrin sísanra kan tó wọ ìgò ojú, ohùn ẹ̀ tutù. Mo sáré bá a kó tó dé orí pèpéle.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ohùn ọmọ náà ti há. Kò lè sọ̀rọ̀ lónìí."

"Áà, pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin ni ìyá ẹ̀?" Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ má ṣèyọnu. Mo mú kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wá."

"Kásẹ́ẹ̀tì wo?"

"Èyí tó fi ṣe ìdánwò. Mi ò fẹ́ gbé e jáde tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ó ti dáa báyìí, gbogbo ọmọ á gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ èdè."

"Ẹ̀rọ gbọ̀ngàn wa ti bàjẹ́, mà."

"A tún un ṣe lánàá," ni ọ̀gá àgbà sọ láti ẹ̀yìn mi, inú ẹ̀ sì dùn pé fún ìgbà àkọ́kọ́, nǹkan kan ṣiṣẹ́ níléèwé òun.

Mo wo wáyà ẹ̀rọ náà. Mo rò pé tí mo bá lè fi ẹsẹ̀ kọ ọ́, kó yọ. Abẹ́ bàtà ọ̀gá àgbà ló gbà kọjá. Wọ́n sì ti ní kí n wá dúró lórí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi, ìyá ọmọ tó yege, wọ́n gbé maíkì síwájú wa.

Obìnrin náà tẹ ẹ̀rọ. Ohùn ọkùnrin béèrè nǹkan. Ohùn ọmọdébìnrin dáhùn, ó ń sáré, ó ń rẹ́rìn-ín láàárín ọ̀rọ̀, ó gba gbogbo sípíkà inú gbọ̀ngàn.

Àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀ níwájú, ó dé ẹ̀yìn. Onímú ti dìde lórí àga ẹ̀, mi ò sì rò pé ó mọ̀ pé òun ti dìde. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, Ìyá Onígbálẹ̀ rọra gbé àga ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àárín àwọn èèyàn bọ̀, ó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹni tó bá fara gbá, títí ó fi dé ìsàlẹ̀ pèpéle.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á ná."

"Màmá, ẹ jẹ́ kó parí," ni ọ̀gá àgbà wí.

"Ọmọ mi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn."

Ọ̀gá ọ́fíìsì ìdánwò pa ẹ̀rọ. Ó yọ ìgò ojú ẹ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́ èdè náà, mà?"

"Mi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Ọmọ mi ni mo gbọ́."

Obìnrin náà yíjú sí ọmọ mi. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú síkáàfù, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó pẹ́ kó tó tú u tán.

"Kì í ṣe ohùn mi, mà," ó ní, ó já gaara, kò sí ibi tó há. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì yáa dákẹ́.

"Ta ló wé èyí mọ́ ẹ lọ́rùn?"

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ká síkáàfù náà. Kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi, ó ṣì ń fẹ́ bò mí láṣìírí. Ìyá Onígbálẹ̀ ló gbójú sókè wò mí.

"Akọ̀wé," ó ní. "Ọjọ́ tí o tilẹ̀kùn."

Gbogbo irọ́ tó kù nínú mi gbẹ. Mo ní, "Èmi ni. Mo pààrọ̀ wọn." Mo rọra sọ ọ́ ni o, àmọ́ mo ti gbàgbé maíkì tó wà níwájú mi. Àwọn tó ń ta nǹkan níta géètì gbọ́.

Wọ́n kó wa lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Onígbálẹ̀. Kò lù mí, kò bú mi, ì bá sàn kó bú mi.

"O mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ọmọ ẹ," ó ní. "Ká ní o sọ fún mi, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ì bá máa wá kọ́ ọ. Ṣebí o rí i pé ó wá."

Kò tíì bá mi pín búrẹ́dì láti ọjọ́ náà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba ipò ẹ̀, ó ti wà ní yunifásítì báyìí, mo gbọ́ pé ó ti sanra díẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ó sì yẹ kó bọ́. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ni mo ti ń bá wọn tẹ ìwé ìpè àti káàdì báyìí, ọ̀gá mi sì máa ń ka gbogbo káàdì lẹ́ẹ̀mejì tí mo bá kà á fún un.

Mi ò ní wàásù fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e nínú ọ́fíìsì yẹn nìkan ni mo fi kọ̀wé sí yín.

Ọ̀gá ọ́fíìsì ìdánwò ṣí fáìlì ẹ̀. Ó ní kí a wo ohun tí ọmọ mi gbà gan-an, ìyẹn kásẹ́ẹ̀tì tí mo lẹ nọ́ńbà ejìdínlógún mọ́. Ó fi ìka tọ ìlà náà lọ, ó dúró, ó tún fi ìka tọ̀ ọ́.

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta," ó ní.

Mo bi í pé èló ni wọ́n fi ń yege.

"Ogójì, mà."

Ọmọ mi ti yege. Kó tó gbé orí lé tábìlì mi sunkún ló ti yege, nígbà tí mo gbé kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sórí ife tíì, ó ti yege. Obìnrin náà ṣàlàyé fún wa pé àwọn tó ń máàkì máa ń fẹ́ràn ọmọ tó gbàgbé ọ̀rọ̀, tó dúró, tó wá ọ̀rọ̀ mìíràn, tó sì parí ohun tó fẹ́ sọ.

Ó wá pa fáìlì dé. Òfin wọn ni pé ọmọ tí wọ́n bá ṣe màgòmágó nítorí ẹ̀, èsì ẹ̀ di òfo, bó mọ̀ sí i, bí kò mọ̀. Ó ní ó dun òun. Ó dájú pé ó dùn ún, ojú ẹ̀ fi hàn. Ọmọ mi gbọ́dọ̀ tún odindi ọdún kan kà. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ò sì dúró, wọ́n fún ẹlòmíì ní àyè ẹ̀.

A délé. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sí iwájú mi, kò sunkún.

"Mọ́mì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì wà ní ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó wà lórí tábìlì."

"Kásẹ́ẹ̀tì tèmi sì wà lọ́wọ́ yín."

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ ò gbọ́ ọ wò?"

Mo ní rárá.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo ẹ̀, Mọ́mì," ó ní, ó sì dìde lọ fọ abọ́.